Tíì yíyan ti ilẹ̀ Jàpáànù

Ohun mímu kan wà tí àwọn ilé kafé ńláńlá ń tà lówó iyebíye báyìí, tíì pupa rẹ́súrẹ́sú tí wàrà hó sí lórí. Hojicha latte ni wọ́n ń pè é. Latte, wàrà ni lédè Ítálì. Hojicha, èdè Jàpáànù ni: kí a yan nǹkan lórí iná ni "hoji", tíì sì ni "cha". Tíì yíyan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n fi ń yan án?

Tíì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní 1211, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà kan, Eisai, kọ ìwé pé oògùn ẹ̀mí gígùn ni. Ní 1738, Nagatani Sōen tó ń gbé ní Ujitawara, lẹ́bàá Kyoto, mú ọ̀nà tuntun wá: ó fi oru omi se ewé náà, ó fi ọwọ́ lọ́ ọ, ó sì gbẹ ẹ, àwọ̀ ewé kò sì ṣá. Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Ewé múlọ́múlọ́ lọ sọ́dọ̀ olówó. Ewé líle, igi ewé àti èérún ló kù fún mẹ̀kúnnù. Èyí tí kò bá tà, àdánù oníṣòwò ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé àwọn oníṣòwò Kyoto ló kọ́kọ́ da irú ìyókù bẹ́ẹ̀ sórí iná èédú, láàárín 1920 sí 1930. Ṣùgbọ́n ní ìlú Kanazawa, láti 1902 ni wọ́n ti ń yan igi ewé tíì tà. Èmi ò gbà pé ọjà ló bí i rárá. Wọ́n ní àwo amọ̀ kan nínú ilé, hōroku, tí wọ́n fi ń yan ẹ̀wà àti yànmọ̀tí, bí agbada tí àwọn ìyá wa fi ń yan gàrí. Tíì tó bá ti pẹ́ nílé, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń dà á sí kí òórùn rẹ̀ lè sọjí. Ta ló kọ́ ta?

Iná náà ṣe ju òórùn lọ. Ó mú ìkorò kúrò. Kafeíìnì inú igi ewé kò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọmọdé àti arúgbó mu lálẹ́. Ní 1983, nígbà tí Ọba Hirohito ṣàbẹ̀wò sí Ishikawa, tíì igi yíyan ni wọ́n gbé fún un. Igi ìkórè àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣà o, wọn ò kó èérún fún ọba!

Wàrà ni àjèjì inú ọ̀rọ̀ yìí. Kó tó di 1868, ará Jàpáànù tó ń mu wàrà màlúù kò wọ́pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé: tíì tútù ti Ṣáínà tí àwọn Haúsá àti Zarma ń sè lẹ́bàá ọ̀nà ṣe é lò, bí kò tilẹ̀ ní dùn bíi ti Jàpáànù gẹ́lẹ́. Ẹ dà á sínú páànù gbígbẹ, iná wẹ́rẹ́, ẹ máa rò ó. Bó bá ti pupa tí òórùn rẹ̀ dà bí ẹ̀pà yíyan, ẹ tètè sọ ọ́ kalẹ̀, torí láàárín ìṣẹ́jú kan ó lè jóná. Ṣíbí ńlá méjì sí ààbọ̀ ife omi gbígbóná, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ mú wàrà lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó hó lórí iná, ẹ dà á sínú ìgò onídèérí, kó má ju ìdajì lọ, ẹ mì ín kíkankíkan títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Ẹ dà á lé tíì náà lórí. Èmi kì í fi ṣúgà sí i.