Ṣé ewu wà nínú zinc, iron àti selenium tí a ń rà ní kẹ́mísì? Ẹ ka nọ́ńbà ara ike kẹ́ ẹ tó gbé e mì

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ kí Màmá mi nílé, mo bá ike oògùn mẹ́ta lórí tábìlì wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní London ló kó wọn ránṣẹ́. Ìkíní jẹ́ vitamin tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìkejì jẹ́ zinc nìkan, ìkẹta ni èyí tí wọ́n ń jù sómi tó máa ń hó. Láràárọ̀ ni Màmá ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mú bírò, mo ṣírò iye zinc tó wà nínú wọn: 15 mg, 50 mg, 10 mg. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 75 mg lójúmọ́. Láti bí oṣù mélòó kan sì ni Màmá ti ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn máa ń kú, bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé ẹsẹ̀ pẹ́.

Zinc, iron, iodine, selenium àti copper wà lára ohun tí òyìnbó ń pè ní trace minerals. Kì í ṣe mínírà tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó ni mò ń sọ o! Èròjà tí ara ń lò ní bíńtín ni wọ́n. Bí bíńtín yẹn ò bá sí, wàhálà dé. Àìtó iodine ló ń fa gẹ̀gẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í sínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa. Àìtó iron ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá ti kọjá bíńtín náà ní ewu tirẹ̀.

Ẹ wo zinc. Obìnrin tó ti dàgbà nílò 8 mg lójúmọ́, ọkùnrin nílò 11 mg, ó sì wà nínú ẹran, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Ní Amẹ́ríkà, 40 mg ni àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjá. Ní ìlú ọba, NHS ní kéèyàn má lo oògùn zinc tó ju 25 mg lọ lójúmọ́, àfi tí dókítà bá ní kó lò ó. Bí zinc bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, kò ní jẹ́ kí ìfun gba copper wọlé. Bí copper bá sì ti lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dín kù, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kiri ara sì lè bà jẹ́. Ẹsẹ̀ á máa kú, ìrìn ò ní dúró dáadáa mọ́. Mi ò sọ pé zinc ló ṣe Màmá o. Àtọ̀gbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn náà sì ń ṣe é. A ti lọ rí dókítà, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, a ń retí èsì.

Iron ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù, torí òun ló wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo wa ń rà láìbéèrè. Aláboyún nílò ẹ̀. WHO ní kó máa lo 30 sí 60 mg pẹ̀lú folic acid lójúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo kọ dá èyí tí wọ́n fún un ní klíníìkì dúró. Àmọ́ lọ́dún 2006, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti erékùṣù Pemba ní Zanzibar, níbi tí ibà ti pọ̀ bíi ti ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń fún ní iron àti folic acid lójoojúmọ́ ló ń dèrò ọsìbítù tàbí tó ń kú ju àwọn tí wọn ò fún lọ. Lóde òní, WHO ní níbi tí ibà bá wà, kí wọ́n má fún ọmọdé ní iron láìsí ètò láti dènà ibà àti láti tọ́jú ẹ̀. Nítorí náà, tí ojú ọmọ bá funfun, ẹ lọ yẹ PCV wò kẹ́ ẹ tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lemọ́lemọ́ ní láti béèrè kó tó fẹnu kàn án, torí iron á máa jókòó sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn.

Ọmọ tó bá sì rí hóró iron lè rò pé súìtì ni. Bó bá gbé bíi mélòó kan mì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kára rẹ̀ wá dà bí èyí tó yá lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kó tún wá dójú ẹ̀. Epo pupa kọ́ ni ìtọ́jú ẹ̀. Ọsìbítù ni, kíá.

Ti selenium ò gùn. 55 mcg ni àgbàlagbà nílò (1,000 mcg ló ń jẹ́ 1 mg, ẹ má ṣì í kà). Lọ́dún 2008 ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ 200 mcg sára oògùn olómi kan, àyẹ̀wò fi hàn pé 40,800 ló wà níbẹ̀. Èèyàn 201 ló kó sí wàhálà, irun ń já, èékánná ń bà jẹ́. Nọ́ńbà NAFDAC dáa, àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ike, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn pé NAFDAC ò yẹ ìlérí náà wò.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò, ẹ rántí pé hóró ferrous sulphate 200 mg kì í ṣe iron 200 mg, nǹkan bíi 65 ló wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lo ciprofloxacin, tetracycline tàbí oògùn gẹ̀gẹ̀, ẹ bi apòògùn ní wákàtí tó yẹ kó wà láàárín wọn, torí iron àti zinc kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Zinc tí wọ́n sì ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú ORS, 20 mg fún ọjọ́ 10 sí 14, 10 mg fún èyí tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, ẹ fún un o jàre.

Ní ti Màmá, dókítà ní kí wọ́n mú ìkíní nìkan. Ike zinc ti wà nínú báàgì mi báyìí. Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi pè, wọ́n ní àwọn tún ti ra méjì mìíràn. Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn ike ránṣẹ́ sí mi ná.