Ìgbóná

Ìgbóná ni Yorùbá ń pe ooru tó wà lára ènìyàn, nínú omi tàbí oúnjẹ. Òun náà ni orúkọ àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní smallpox. Láyé ìgbà tó ń jà, ara aláìsàn á kọ́kọ́ gbóná janjan fún ọjọ́ mélòó kan kí ìléròrò tó bo ojú àti ọwọ́. Ẹni tó bá yè é lè fọ́jú, ojú rẹ̀ a sì kún fún àpá.

Ẹ̀rù àrùn yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà kì í fi dárúkọ rẹ̀ ṣákálá, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó máa ń jà jù. Wọ́n á ní Ilẹ̀ẹ́gbóná, Olóde tàbí Ọbalúayé. Ṣànpọ̀nná ni òrìṣà tó ni ín. Sakpata ni àwọn Fọ̀n ní Benin ń pè é, Babalú Ayé sì ni ní Kúbà. Ní Èkó, Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sàpárà wọ ẹgbẹ́ awo Ṣànpọ̀nná, ó sì tú àṣírí pé àwọn aláwo kan ń fi èépá ara aláìsàn kó àrùn ran ẹlòmíràn. Ìgboyà ńlá ni Sàpárà ní. Ìjọba amúnisìn sì fòfin de ìbọ náà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi “small” kún orúkọ tiwọn kó lè yàtọ̀ sí sífílíìsì, tí wọ́n ń pè ní “great pox”. Variola, orúkọ rẹ̀ ní Látìnì, jẹ mọ́ ara tó ní àmì tótòtó.

Suwanee, ìlú kan ní Georgia ní Amẹ́ríkà, ní àríwá ìlà-oòrùn Atlanta, kò jìnnà sí CDC, àjọ ìdènà àrùn Amẹ́ríkà tó darí ìjà lòdì sí ìgbóná ní ogún orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà láti 1967. Ní ìparí 1966, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tó ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ni Dókítà William Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wá ibi tí aláìsàn wà, wọ́n sì ń gún àwọn tó yí i ká lábẹ́rẹ́. Ọgbọ́n yìí ló ṣẹ́gun. Nàìjíríà rí ìgbóná kẹ́yìn ní oṣù karùn-ún 1970. Ní 1980, àjọ WHO kéde pé ó ti tán láyé. Kòkòrò rẹ̀ ṣì wà ní àhámọ́ ní Atlanta àti ní Koltsovo, ní Rọ́ṣíà.

Lónìí, àwọn kan ń pe chickenpox ní ìgbóná, òbí mìíràn sì ń pe ibà ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ìyá tàbí bàbá yín túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún dókítà ní Suwanee, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé ara ló kàn gbóná, àbí ìléròrò ti yọ?