Singer, Howe àti Ìwé Àṣẹ Orí Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Arákùnrin wa kan béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun dá ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gúsí, àwọn wẹ́dà àdúgbò sì ti ń yọjú wò ó. Ṣé kí òun lọ gba páténtì ni, àbí kí òun ṣáà máa tà á lọ? Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn, ìtàn Singer tó wà níwájú àwọn télọ̀ wa.

Singer kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yẹn ní Amẹ́ríkà. Walter Hunt ni, ní New York, ní nǹkan bí ọdún 1834. Abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ wà nítòsí ẹnu, òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó ń kọ́ra wọn, ó ṣe gbogbo rẹ̀. Kò gba ìwé. Hunt yìí kan náà ló ṣe píìnì tí à ń fi de ìlédìí ọmọ. Ó gba páténtì tìyẹn ní 1849, àmọ́ gbèsè dọ́là 15 wà lọ́rùn rẹ̀, ló bá ta gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní dọ́là 400. Ẹ wo iye píìnì tí ayé ti rà láti ìgbà náà! Èmi náà ń tà á.

Elias Howe, ará Massachusetts, ló gba páténtì ẹ̀rọ ìránṣọ ní 1846. Ìwé wà, owó ò sí. Ó ta ẹ̀tọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pọ́n-ùn 250 péré fún oníṣòwò kan ní London. Lójú tèmi, ọjà gbà-mí-gbà-mí nìyẹn. Nígbà tó fẹ́ padà sílé, ẹ̀rọ àti ìwé náà ló fi dógò kó tó rówó ọkọ̀. Ó délé, ó bá àwọn ẹlòmíì tó ti ń ṣe ẹ̀rọ náà tà. Singer wọlé ní 1851.

Howe gbé wọn lọ sí kóòtù. Singer ní kì í ṣe Howe ló kọ́kọ́ ṣe é, Hunt ni. Òótọ́ sì ni! Àmọ́ wọ́n ní Hunt ti pa nǹkan rẹ̀ tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé Howe ló dúró. Singer san dọ́là 15,000.

Ní tiwa níbí, òfin 1970 sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé béèrè sílẹ̀ ni a ó mọ̀. Bí wẹ́dà bá jí i wò tó sì ṣáájú yín dé Àbújá, ẹ̀yin lẹ máa ru ẹ̀rí lọ sí kóòtù. Ohun tó bá sì ti di ti gbogbo ayé kí ẹ tó béèrè, kì í jẹ́ tuntun mọ́. Ọdún 20 ni ìwé náà, owó ọdọọdún wà lórí rẹ̀.

Ẹjọ́ ló wá ń jẹ èrè wọn ní Amẹ́ríkà, nítorí kò sẹ́ni tó lè ṣe ẹ̀rọ pípé láìtẹ páténtì ẹlòmíì mọ́lẹ̀. Ní 1856, Howe, Singer, Wheeler & Wilson àti Grover & Baker kó ìwé wọn pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ yóò san dọ́là 15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, Howe ń mú 5 níbẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ gan-an ni, bí onílẹ̀ ṣe ń gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ó di olówó rẹpẹtẹ. Páténtì rẹ̀ parí ní 1867, ọdún tó kú. Àjọ wọn tú ká ní 1877.

Ìbéèrè tó bá kù, ẹ fi sílẹ̀. Lálẹ́, tí mo bá palẹ̀ ọjà mọ́, màá fèsì.