Padà tó wà nínú Yípadà

Bí a bá gbọ́ "yípadà", ìwà tuntun ni ọ̀pọ̀ wa ń rò. Ṣùgbọ́n "padà" wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ̀ wálé. A tilẹ̀ lè là á sí méjì: "yí ọkàn rẹ padà".

Ní 1821, wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti di Samuel Crowther. Ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ọmọ padà, àmọ́ kì í ṣe sí Òṣogùn; ogun ti tú ìlú náà. Ìyá ló yípadà, lójú tèmi: ní 1848 ó ṣèrìbọmi, ó gba orúkọ Hánà, ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.