Ọpọlọ kan náà, owó oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún wa níbí pé "ẹ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, dọ́là á máa wọlé." Ó dáa. Àmọ́ kí ló fà á tí ẹnjiníà kọ̀ǹpútà méjì tó mọ iṣẹ́ kan náà, tí ọ̀kan wà ní California, tí ìkejì wà ní Yaba, fi ń gba owó tó jìnnà síra bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ayé? Mo bá ìtàn dé o.

2/ Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí owó pọ̀ sí bẹ̀rẹ̀. Láti 1872 ni òfin California ti sọ pé àdéhùn tó bá ní kí òṣìṣẹ́ má lọ bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́, òtúbáńtẹ́ ni. Ní 1957, èèyàn mẹ́jọ kúrò lọ́dọ̀ William Shockley, wọ́n lọ dá Fairchild Semiconductor sílẹ̀. Ní 1968, Robert Noyce àti Gordon Moore tún kúrò ní Fairchild, wọ́n dá Intel sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Tí ọ̀gá bá mọ̀ pé òṣìṣẹ́ òun lè sọdá títì lọ bá ẹlòmíì lọ́la, ọ̀gá á fowó sí i. Ó wà lára ohun tó gbé owó ibẹ̀ sókè.

3/ Àwọn ọ̀gá náà ò sùn o. Ní 2010, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Apple, Google, Intel, Adobe àti àwọn míì pé wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn pé kálukú ò ní máa pe òṣìṣẹ́ ẹnìkejì wá síṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ náà pe ẹjọ́ tiwọn. Ní 2015, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i kí ilé-iṣẹ́ mẹ́rin yẹn san $415 mílíọ̀nù fún òṣìṣẹ́ tó lé ní 64,000. Ẹ rántí ìyẹn tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọjà nìkan ló ń dá iye owó oṣù.

4/ Ó yá, India. Texas Instruments ṣí ọ́fíìsì sí Bangalore ní 1985, iṣẹ́ sì ń gba orí sátẹ́láìtì lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí gbogbo ayé ń sáré tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe kí ọdún 2000 tó wọlé, iṣẹ́ ya lọ síbẹ̀. Ọpọlọ wà níbẹ̀, owó oṣù ibẹ̀ sì kéré. Iṣẹ́ ń fò, àmọ́ èèyàn ò lè fò bẹ́ẹ̀: físà H-1B tí òfin 1990 dá sílẹ̀, 65,000 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke rẹ̀ lọ́dún. Ibodè wà lára ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ kan ní iye méjì.

5/ Ó wá kàn wá. Ní 2014, Andela bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n á ṣa àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á máa sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́, wọ́n á wá fi wọ́n síṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Inú Èkó lo wà, ọ̀gá ẹ wà ní Amẹ́ríkà. Ní 2016, àjọ Mark Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀ ló ṣíwájú àwọn tó kó $24 mílíọ̀nù sí i. Ariwo sọ!

6/ Oṣù Kẹsàn-án 2019, Andela dá nǹkan bí 400 ẹnjiníà dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà, Kenya àti Uganda. Àwọn wo? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Wọ́n ní àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ làwọn oníbàárà ń wá. Àwọn àgbà ti wí: bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó fún: iye ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ láàárín òru, tí o sì tún un ṣe.

7/ Náírà náà ní tiẹ̀ níbẹ̀. Ní ìparí 2015, dọ́là kan ò tó ₦200 ní ọjà ìjọba. Ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2016, wọ́n tún tú u ní Oṣù Kẹfà 2023. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹ bá mi ṣírò: ẹni tó ń gba ₦500,000 ń gba bíi $2,500 ní 2015. Tí wọn ò bá fi kọ́bọ̀ kún un, ó di bíi $330. Kò gbàgbé nǹkan kan nínú iṣẹ́ ẹ̀ o.

8/ Àrùn kòrónà dé, gbogbo ayé ń ṣiṣẹ́ látilé. A rò pé ọ̀rọ̀ ibùgbé ti tán. Oṣù Karùn-ún 2020, Zuckerberg kéde pé òṣìṣẹ́ Facebook tó bá fẹ́ máa ti ibòmíì ṣiṣẹ́, owó ẹ̀ á bá ibi tó ń gbé mu. Èèyàn kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, ọ̀gá kan náà. Ilé nìkan ló yí padà.

9/ Torí náà, tí ẹ bá rí i pé ní Oṣù Karùn-ún 2023, ìdajì àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà l'Ámẹ́ríkà ń gbà ju $138,080 lọ lọ́dún, ẹ má sáré fi bú ara yín. Òfin 1872, ibodè, náírà àti àkísà, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú iye yẹn.

10/ Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Owó wo ni wọn ó fi san ọ́, a lè bá ọ̀gá dúnàádúrà. Ibi tí o ń gbé, o lè kó kúrò. Àmọ́ àkísà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ kí o tó ní in. Tí gbogbo ilé-iṣẹ́ bá ń wá ẹni ọdún márùn-ún, ta ló máa gba ẹni ọdún kan? Ẹni tó bá ń gba ọmọ tuntun síṣẹ́ nílé níbí, tó ń sanwó fún un, tó sì ní sùúrù láti kọ́ ọ, òun ló ń ṣe àwọn àgbà ọ̀la. Ẹ dárúkọ wọn sísàlẹ̀, kí àwọn tó ń wáṣẹ́ lè rí wọn.