Eṣinṣin Ìwọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìyẹ́ Àkùkọ Pẹja

Ẹni tó bá ti dé Ajue, nítòsí Ore, á mọ̀ pé oko kòkó ló pọ̀ níbẹ̀, odò kéékèèké sì ń ṣàn láàárín oko. Ọ̀pá ọparun, ìwọ̀ àti ekòló làwọn ọmọdé fi ń pẹja. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹ́ àkùkọ lèmi mú dání. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa!

Kí ni eṣinṣin ìwọ̀?

Ìwọ̀ tí wọ́n fi òwú àti ìyẹ́ wé ni, kó lè jọ kòkòrò tó já sómi. Kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan, Claudius Aelianus, kọ ọ́ pé àwọn ará Masidóníà ń fi òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ pẹja. Ní 1496, wọ́n tẹ ìwé kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàlàyé oríṣi 12.

Bí ẹ ṣe máa dì í

Ẹ wá ìwọ̀ kékeré, òwú ìránṣọ, òwú pupa tí wọ́n fi ń hun fìlà òtútù, ìyẹ́ kan láti ọrùn àkùkọ, àti kútẹ́ẹ̀sì. Ẹ fi ẹ̀mú di ìwọ̀ mú kó má baà gún yín.

1. Ẹ wé òwú ìránṣọ mọ́ ìwọ̀, láti ẹ̀yìn ojú rẹ̀ títí dé ibi tó ti fẹ́ ká kò.
2. Ẹ so òwú pupa mọ́ ibẹ̀. Ẹ wé òwú ìránṣọ padà síwájú, kí ẹ wá wé òwú pupa tẹ̀ lé e. Ara kòkòrò nìyẹn.
3. Ẹ so ìdí ìyẹ́ mọ́ iwájú, ẹ wé e yípo lẹ́ẹ̀mẹta, kó dúró gán-ún bí ẹsẹ̀ kòkòrò.
4. Ẹ ta kókó, ẹ gé òwú, ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì díẹ̀ sórí kókó náà.

Ẹ má wé nǹkan kan bo ojú ìwọ̀ o. Mo bo ti àkọ́kọ́, okùn ò ríbi wọlé!

Ẹja wo ló máa gbé e?

Epìyà kan ló gbé tèmi, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú ni epìyà fi ń wá oúnjẹ, torí náà omi gbọ́dọ̀ mọ́. Irùngbọ̀n àti òórùn ni àrọ̀ ń lò, pàápàá lálẹ́. Fún àrọ̀, ekòló ṣì lọ̀gá.

Ohun tó ń dùn mí

Kẹ́ ẹ tó di eṣinṣin, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó létí odò, kẹ́ ẹ wo kòkòrò tó ń já sómi. Ibẹ̀ ni bàbá àgbẹ̀ kan ti sọ fún mi pé odò kejì ò lẹ́ja mọ́: àwọn kan ti da Gamalin sí i.

Gamalin, ìyẹn lindane, oògùn kòkòrò tí wọ́n máa ń fín sí kòkó tẹ́lẹ̀ ni. Tó bá wọ odò, ó ń pa ẹja ńlá, ó ń pa ọmọ ẹja, ó sì ń pa kòkòrò tí ẹja ń jẹ. Lọ́dún 2009 ni Àdéhùn Stockholm fi lindane sára àwọn kẹ́míkà tí àwọn orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ pa tì. Ẹja tí wọ́n sì fi májèlé pa, ìkòkò ọbẹ̀ wa ló ń bọ̀.

Ìwọ̀ kan, ẹja kan. Ìyókù á ṣẹ́ kù sódò. Kí n tó kúrò, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín tọ̀ mí wá: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyẹ́ yẹn ṣì kù?”