“Dean” Tuntun ní Festac: Ta Ló Yẹ Kó Sọ Agbábọ́ọ̀lù Lórúkọ?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á rẹ́rìn-ín, torí nígbà tí mò ń kọ́ yín ní ìtàn, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní kíláàsì mi. Ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀bi tèmi nínú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Festac níbí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń jiyàn, ariwo ta. Kì í ṣe ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń jà lé lórí o. Ọmọ àdúgbò wa ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ń gbá ẹ̀yìn. Ọ̀kan ní, “Ọmọ yẹn ti jinná! Ẹ gbé e lọ Yúróòpù lónìí, ẹgbẹ́ ńlá ló máa wọ̀.” Èkejì fèsì pé, “Jinná bíi ti báwo? Òótọ́ ni pé ó ga, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Tútù ló ṣì wà.” Ẹ̀kẹta ní, “Van Dijk tuntun nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.” Ni wọ́n bá yíjú sí mi: “Prof, ẹ dá sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Dean.”

Òótọ́ ni, èmi ni. Lọ́dún tó kọjá, mo ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mo rí i tó dúró jẹ́ẹ́ títí ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ fi ṣe àṣìṣe, tó wá gba bọ́ọ̀lù náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Inú mi dùn, mo pariwo pé, “Dean of Defence!” Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àdúgbò ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàápàá ti di Ìyá Dean.

Fún ẹ̀yin tí a bí lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí orúkọ náà. Yisa Sofoluwe ló ni ín. Ó gbá ẹ̀yìn fún Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980, ó wà nínú ikọ̀ tó gba ipò kejì nílẹ̀ Áfíríkà ní 1984, ó sì di olóògbé ní oṣù kejì ọdún 2021. Láyé ìgbà náà, ẹni tí kò ní tẹlifíṣọ̀n, etí ló fi ń wo bọ́ọ̀lù, ohùn Ernest Okonkwo lórí rédíò sì ni ojú tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ríran. Lẹ́nu rẹ̀ la ti ń gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀: Segun Odegbami ni Mathematical, Christian Chukwu ni Chairman, Adokie Amiesimaka ni Chief Justice. Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980 tí a na Algeria ní 3-0 ní Surulere, tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Mathematical gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ọ̀kan, Chairman sì ni balógun tó gbé ife sókè.

Ẹ wo àwọn orúkọ náà dáadáa. Odegbami kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Poli Ìbàdàn. Amiesimaka kọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó. Kì í ṣe gbogbo orúkọ ìgbà náà ló jẹ́ ti ọpọlọ o, torí Blockbuster ni wọ́n ń pe Aloysius Atuegbu, agbára ni wọ́n sì fi ń kí i. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ níbẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tó ń ronú, ẹni tó wà nípò àṣẹ. Pàtàkì jù lọ, iṣẹ́ ló ṣáájú orúkọ. Ẹni náà á ti ṣe é lójú wa, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó kì í.

Festac tí mò ń gbé yìí, ọmọ ìgbà kan náà ni. Wọ́n kọ́ ọ láti fi gba àlejò tó wá síbi àjọ̀dún FESTAC, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, tó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, àwọn ará ìlú kó wọlé. Owó epo wà nílẹ̀, ìjọba sì fẹ́ kí aráyé rí i pé aláwọ̀ dúdú ní ọgbọ́n, ó ní ìmọ̀, ó ní àṣà. Lójú tèmi, asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń pe agbábọ́ọ̀lù ní adájọ́ àgbà àti onímọ̀ ìṣirò, inú ẹ̀mí kan náà ló ti ń sọ̀rọ̀.

Ọdún 1985 ló yí nǹkan padà. Ní China, àwọn ọmọ wa tí ọjọ́ orí wọn kò ju 16 lọ na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 2-0, Nàìjíríà sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé FIFA. A tún gbà á ní 1993, 2007, 2013 àti 2015. Ayọ̀ ńlá ni, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni a ti kọ́ láti máa sọ ọmọ lórúkọ kí iṣẹ́ tó dé. Orúkọ kúrò ní oríkì, ó di ìlérí. “Okocha tuntun.” “Kanu tuntun.” Ìlérí sì ṣeé tà lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká ka díẹ̀ nínú wọn. Ní 1987, ní Canada, Philip Osondu ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Anderlecht mú un lọ sí Belgium, ara rẹ̀ ń fara pa, kò sì débi tí a rò. Ní 2007, Macauley Chrisantus gbá góòlù 7 wọlé, òun ló pọ̀ jù nínú ìdíje náà. Hamburg rà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá a fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹni tó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje kan náà, Toni Kroos ti Jámánì, ló gba ife àgbáyé ti àgbà ní 2014. Ní 2015, Victor Osimhen tiwa gbá 10 wọlé ní Chile. Ó dé Wolfsburg, kò gbá ẹyọ kan wọlé nínú líìgì. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, àwa yìí ni à bá máa sọ pé “a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.” Ó gba Charleroi, ó gba Lille, ó dé Napoli, góòlù rẹ̀ jẹ́ 26 ní Serie A ní 2022-23, wọ́n gba líìgì, òun sì ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2023. Odion Ighalo ńkọ́, ọmọ Ajégúnlẹ̀, aládùúgbò wa níbí? Ariwo irú èyí kò bá ìgbà èwe rẹ̀, síbẹ̀ òun ló gbá góòlù jù ní ìdíje ife Áfíríkà ti 2019, márùn-ún gbáko.

Irú orúkọ kan náà ni Chrisantus àti Osimhen gbà, àbájáde wọn kò dọ́gba. Nítorí náà, kì í ṣe orúkọ ló ń ṣiṣẹ́. Ìlera, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní sùúrù, àǹfààní láti gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àti orí ẹni ni. Kódà, ọ̀rọ̀ “ọmọdé” fúnra rẹ̀ di ọjà. Ìdí nìyẹn tí FIFA fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi MRI yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò ní ìdíje 2009 tí a gbà lálejò, àyẹ̀wò náà sì ti yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kó jọ kúrò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Ti dìfẹ́ńdà wá le jù. Ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ni FIFA ti fún ní Bọ́ọ̀lù Wúrà ní ìdíje ọmọdé yìí: Osondu, Sani Emmanuel, Kelechi Iheanacho àti Kelechi Nwakali. Kò sí ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn nínú wọn. Góòlù ṣeé kà, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ewu tí kò ṣẹlẹ̀? Nítorí náà, tí a bá fẹ́ yin ọmọ tó ń gbá ẹ̀yìn, ara rẹ̀ la máa ń yìn: ó ga, ó tóbi, ó lè sáré.

Nígbà tí mo sọ èyí fún wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, tó máa ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, dáhùn pé, “Prof, bí wọ́n ṣe ṣe Ansah nìyẹn.” Ezekiel Ansah, ọmọ Ghana, lọ kàwé ní Yunifásítì Brigham Young. Kò gbá bọ́ọ̀lù náà rí títí di 2010. Wọ́n fi í sí ìlà iwájú àwọn adènà, níbi tí iṣẹ́ ẹni ti jẹ́ láti fọ́ ògiri kó lè wó ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù lulẹ̀. Ní 2013, ẹgbẹ́ Detroit Lions mú un ṣe ẹni karùn-ún nínú gbogbo ọmọ tuntun ọdún náà. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ń tún sọ nípa rẹ̀ ni pé tútù ló wà, pé ara rẹ̀ ni àwọn ń rà. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kọ́ eré tuntun láàárín ọdún mẹ́ta! Ní 2020 sì rèé, àwọn kan tó yẹ ọ̀rọ̀ asọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wò nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 80 ní líìgì ńlá Yúróòpù rí i pé agbára àti eré sísá ni wọ́n fi ń yin aláwọ̀ dúdú jù, ọgbọ́n ni wọ́n sì fi ń yin aláwọ̀ funfun jù. Ẹ rántí Chief Justice. Ẹ rántí Mathematical. Ẹ rí ohun tí a sọ nù nígbà tí a gbà kí àwọn oníbàárà máa bá wa sọ ọmọ wa lórúkọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Prof, àwa Yorùbá náà ń sọ ọmọ lórúkọ kó tó ṣe nǹkan. Ọjọ́ kẹjọ ni.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó sọ ọmọ ní Àkànní, òun náà ló máa bọ́ ọ, òun ló máa san owó ilé ìwé, òun ló sì máa gbà á tí ayé bá lé e padà. Ẹni tó ń pè é ní Van Dijk tuntun, níbo ló máa wà lọ́jọ́ tí orúkún ọmọ náà bá yẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an rèé. Ìyá Dean wá bá mi lẹ́yìn ọjọ́ náà. “Bàbá, ẹ káàsán o. Ẹ bá mi wo ìwé yìí.” Ejẹ́ǹtì kan ní òun fẹ́ mú ọmọ náà lọ Yúróòpù. Owó tó ń béèrè tó owó ṣọ́ọ̀bù ìyá náà. Lókè ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: “The New Dean of Defence.” Ara mi bù máṣọ. Orúkọ tí mo fi ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni wọ́n ń tà fún ìyá rẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún un pé láti 2001 ni òfin FIFA ti sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ti orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òmíràn, àfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀ bíi kí òbí rẹ̀ kó lọ nítorí ohun tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Mo sọ ìtàn Nii Lamptey ti Ghana fún un, ọmọ tó dára jù nínú ìdíje 1991, tí Pelé fúnra rẹ̀ pè ní àrólé òun. Ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Anderlecht ní ọmọ ọdún 16. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò lè ka ìwé tí wọ́n ní kí òun fọwọ́ sí. Orúkọ Pelé kò bá a ka ìwé náà. Ẹ mọ ohun tó fi owó rẹ̀ kọ́ ní Accra nígbà tó fẹ̀yìn tì? Ilé ìwé ni.

Ìyá Dean kò san owó náà. Ọmọ rẹ̀ ń bínú sí mi. Tẹ́lẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ láti òdìkejì títì tó bá rí mi. Ní báyìí, orí lásán ló ń mì. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà pé mo gba orúkọ mi padà, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín, pé ẹyin tó ti bọ́ kò ṣeé kó mọ́.

Ọmọ náà ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń gbá a dáadáa. Wáẹ́ẹ̀kì rẹ̀ kù sí ọdún tó ń bọ̀. Mo ti rán ìyá rẹ̀ sí i pé tó bá fẹ́, kó máa wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kí n máa kọ́ ọ ní ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì, láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ ló yẹ kó bá a gbé e. Mo ń retí rẹ̀.